Orúkọ kejìlá nínú ìwé èsúsú Màmá

Ọjọ́ kẹta tí a sin Màmá mi, ní oṣù Karùn-ún 2024, obìnrin kan wá kanlẹ̀kùn wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ní kùtùkùtù, kí n tó fọ ẹnu. Gàrí ló ń tà ní Òkè-Ajé. Mo rò pé ó wá bá wa kẹ́dùn ni. Ó kẹ́dùn lóòótọ́: ó jókòó, ó sunkún díẹ̀, ó fi etí ìborùn nu ojú. Lẹ́yìn náà ló tú kókó kan ní etí ìró rẹ̀, ó mú ogún ẹgbẹ̀rún náírà jáde, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó nà án sí mi.

"Tíṣà, tèmi rèé. Ọjọ́ ti pé."

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, Màmá ò sí mọ́ o."

Ó wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò gbọ́ ọ yé. "Ṣé Màmá ló kàn láti kó o ni? Ìyá aláṣọ ló kàn."

Ẹni tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú lè má tètè mọ ohun tó ń sọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á. (Láàárín ara wa, a kì í ṣàlàyé owó.) Màmá ló ń di ìwé èsúsú mú ní àdúgbò wa láti ìgbà tí mo ti wà ní pámárì. Èèyàn méjìlá ni wọ́n. Lóṣooṣù, oníkálukú á dá ₦20,000, ẹni tí oṣù bá kàn á kó gbogbo rẹ̀, ₦240,000, títí yóò fi kárí. Àjọ yàtọ̀ sí i. Ní ti àjọ, owó ara rẹ lo máa gbà padà lọ́wọ́ alájọ níparí oṣù, òun náà á sì yọ owó ọjọ́ kan tiẹ̀. Èsúsú ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kó ní oṣù Kìíní, gbèsè oṣù mọ́kànlá ló kó sápò. Ẹni tó máa kó ní oṣù Kejìlá ti yá gbogbo àwọn yòókù lówó kó tó débẹ̀. Kò sí lọ́yà níbẹ̀, kò sí onídùúró. Ìwé ńlá kan tó lẹ́yìn líle, aláwọ̀ búlúù, àti ojú Màmá ni gbogbo ẹ̀ dúró lé.

Ìyá onígàrí yìí ti kó tiẹ̀ ní oṣù Kejì. Owó náà ti wọnú ẹ̀rọ tó fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ẹni tó ṣèlérí fún ti wọ ilẹ̀. Kí ló gbé e dìde láàárọ̀ ọjọ́ náà?

Mo ń gbé ìbéèrè yẹn kiri láti ìgbà náà, ó sì dá mi padà sídìí ẹ̀kọ́ tí mo rò pé mo ti gbàgbé.

Filọ́sọ́fì ni mo kà ní yunifásítì. Màmá ò gbà á dénú. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ pé lọ́yà ni mò ń kọ́. Nígbà tí mo ṣe tán tí mo di olùkọ́ ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó ní, "Ó dáa náà. Lọ́yà tí kò ní wíìgì."

Ní ọdún kẹta wa níbẹ̀, 1999, olùkọ́ wa kan wá kọ́ wa nípa àkókò, ó sì gbé ọ̀rọ̀ John Mbiti kalẹ̀. Àlùfáà ni Mbiti, ọmọ Kẹ́ńyà, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1969 sì wà lára ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ filọ́sọ́fì Áfíríkà gbọ́dọ̀ bá wọ̀jà. Ó ní lójú àwọn ará àtijọ́ wa, ẹ̀yìn ni àkókò ń lọ, kì í lọ síwájú. Ó fi ọ̀rọ̀ Swahili méjì pè é. Sasa ni ìsinsìnyí, pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ àti èyí tó ti kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Zamani ni òkun ńlá tí gbogbo ohun tó ti kọjá ń rì sí. Ọjọ́ iwájú ńkọ́? Mbiti ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ó yẹ ọ̀rọ̀ ìṣe wò nínú Kikamba, tó jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, àti nínú Gikuyu, ó ní èyí tó lọ jìnnà jù nínú wọn kò kọjá nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọdún méjì tó bá pọ̀ jù.

Olùkọ́ wa pa ìwé dé, ó ní, "Ẹ ti rí ìdí tí a kì í fi í ṣètò." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó ilé tí mo ń gbé lọ́dún náà, èsúsú oṣù Kọkànlá ni Màmá fi san án. Láti oṣù Kejì ló ti sọ fún mi pé oṣù Kọkànlá lòun gbà nítorí mi. Kò wá sí mi lọ́kàn láti sọ ọ́ ní kíláàsì. Ìgbà tí ìpàdé bá ti tú tán ni èmi máa ń gbọ́n.

Mo padà rí i kà pé Kwame Gyekye, onífilọ́sọ́fì ọmọ Gánà, ti dá Mbiti lóhùn láti 1987: èdè méjì ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ò lè jẹ́rìí fún odindi ilẹ̀ Áfíríkà, èdè Akan tiẹ̀ sì ní ọ̀rọ̀ fún ọjọ́ tó jìnnà réré. Tiwa náà ní. A ní "yóò", a ní "á", a ní "máa". A ní ọ̀la, ọ̀túnla, ẹ̀yìn ọ̀la. Àìní ọ̀rọ̀ kọ́ ló ń yọ mí lẹ́nu. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni pé àwọn èyí tí a ní ń bá ara wọn jà.

Ẹ gbọ́ ná. A ní "ọjọ́ iwájú". Iwájú ló wà nìyẹn. A tún ní "ẹ̀yìn ọ̀la", a ní "ìgbẹ̀yìn", a ń sọ fún ọmọ aláìgbọràn pé "ó máa yé ọ tó bá yá lẹ́yìn". Ẹ̀yìn ló tún bọ́ sí. Àwọn baba ńlá wa, a ní wọ́n ṣáájú wa. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí, a ní wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. Èwo ló wá wà níwájú, àná àbí ọ̀la? Mo fi ìbéèrè yìí pọ́n àwọn ọmọ SS2 lójú títí ọ̀kan fi ní, "Mà, ṣé ó máa jáde nínú WAEC?"

Oko Bàbá mi ló yanjú rẹ̀ fún mi. Ọmọ Ṣàgámù ni Bàbá, oko obì gbànja ló jogún lápá ibẹ̀ ní Rẹ́mọ. Nígbà ọlidé, gbogbo wa la máa ń lọ. Ọ̀nà oko náà tẹ́ẹ́rẹ́, kò gba èèyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bàbá á ṣáájú pẹ̀lú àdá, Màmá á tẹ̀ lé e, àwa ọmọ á tò tẹ̀ lé wọn, àbúrò mi tó kéré jù ló máa ń kẹ́yìn, á máa ké pé ká dúró de òun. Lórí ọ̀nà yẹn, àwọn ọ̀rọ̀ náà ò bá ara wọn jà rárá. Ibi tí a kò tíì dé wà níwájú. Àwọn tó jù wá lọ náà wà níwájú: àwọn ni ìrì ń pa, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí ejò. Àwọn tó kéré wà lẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ wa bá sì ṣe fi ọ̀nà sílẹ̀ ni wọ́n ṣe máa bá a. Èmi tí mo wà láàárín, tí mo bá fẹ́ mọ ohun tó wà níwájú, ẹ̀yìn Bàbá ni mò ń wò.

Obì tó wà níbẹ̀, bàbá Bàbá ló gbìn ín. Igi obì kì í kánjú. Èèyàn lè dúró ọdún márùn-ún, mẹ́fà, méje kó tó rí èso, ó sì tún máa pẹ́ kó tó so débi tí wọ́n á fi pè é ní oko obì. Bàbá àgbà ò jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀ kó tó kú. Àwọn Hausa ní Sábó Ṣàgámù ló ń rà á lọ́wọ́ Bàbá mi, owó ẹ̀ la fi lọ sílé-ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjọ́ iwájú bàbá àgbà ṣe gùn tó, kí ó fi ọ̀rọ̀ ìṣe sílẹ̀, kí ó wá wo igi.

Ọ̀rọ̀ kíkà ọjọ́ náà wà ńbẹ̀. Ìjà àkọ́kọ́ tí èmi àti Màmá jà lórí ìṣirò, ọjà ọrún ló fà á. Ọrún, ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá ná ọjà lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tún máa ná an. Mo ti wà ní pámárì fáìfù, mo mọ ìyọkúrò, mo ní ọjọ́ mẹ́rin ni. Màmá ní márùn-ún ni. Mo fi ìka kà á fún un: Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ó ní, "Òní tí a ti ná ọjà ńkọ́? Ṣé òní ò jẹ́ ọjọ́ ni?" Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìkà wa ṣe rí. Ìjẹta, ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni lójú olùkọ́ ìṣirò, àmọ́ ẹ̀ta ló wà lórúkọ ẹ̀, torí wọ́n ti ka òní mọ́ ọn.

Ó pẹ́ kí n tó rí i pé àwa méjèèjì ò ṣe nǹkan kan náà. Èmi dúró síta, mò ń wọn àlàfo tó wà láàárín ọjọ́ méjì. Màmá ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà; ẹsẹ̀ kan òní ti wà nínú ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Ẹni tí ì bá gbọ́ èdè Màmá dáadáa ni Augustine, bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́ tí wọ́n bí ní 354 ní Thagaste, ní ilẹ̀ tó di Algeria lónìí. (Àwọn tó ń ka filọ́sọ́fì máa ń gbàgbé pé ọmọ Áfíríkà ni.) Òun ló sọ pé bí ẹnikẹ́ni ò bá bi òun léèrè ohun tí àkókò jẹ́, òun mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá ní kí òun ṣàlàyé, òun ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ní àná ti lọ, ọ̀la ò tíì dé, ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni òní, àmọ́ òní náà pín sí mẹ́ta: òní ti àwọn ohun tó ti lọ, ìyẹn ìrántí, òní ti àwọn ohun tó wà, ìyẹn àfiyèsí, òní ti àwọn ohun tó ń bọ̀, ìyẹn ìrètí. Ó wá fi ẹni tó fẹ́ ka Sáàmù tó ti mọ̀ sórí ṣe àpẹẹrẹ. Kó tó lanu, gbogbo Sáàmù náà wà nínú ìrètí. Bó ṣe ń kà á, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ń bọ́ kúrò nínú ìrètí sínú ìrántí, títí ìrètí á fi tán tí gbogbo ẹ̀ á di ìrántí.

Mo kọ gbogbo èyí nínú ìdánwò, mo sì gba B. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú Màmá ló tó yé mi. Ó ń ka Sáàmù 121 lórí bẹ́ẹ̀dì, èyí tó ti ń kà láràárọ̀ láti ọmọdé. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń sọ pé oòrùn ò ní pa ọ́ lọ́sàn-án, ó dákẹ́. A rò pé ó ti sùn. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó lajú, ó ní, "Ẹ parí ẹ̀ fún mi."

Àbúrò mi ló parí ẹ̀. Èmi ò lè ṣe é.

Nínú kíláàsì mi, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń gbóná ni ogun Ìmagbọn. Ìjẹ̀bú ló ni ẹnu ọ̀nà láàárín ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè nígbà náà, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò wọ́n lórí lọ bá oníbàárà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó fẹ́ kí ọ̀nà ṣí. Ní 19 oṣù Karùn-ún 1892 wọ́n pàdé ní Ìmagbọn, ìbọn Maxim sọ̀rọ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi wọ Ìjẹ̀bú-Òde bá ọba ibẹ̀, Awújalẹ̀ Túnwàṣe. Ọdọọdún ni ọmọ kan máa ń nawọ́ sókè: "Mà, ṣé wọn ò mọ̀ pé wọn ò lè borí ni?"

"Ìwọ ńkọ́, níbo lo ti mọ̀ ọ́n?"

"Nínú ìwé."

"Ṣé ìwé yẹn ti jáde lálẹ́ ọjọ́ kejìdínlógún?"

Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dákẹ́ sí. Ohun tó jẹ́ àná fún wa, ọ̀la ni fún àwọn tó sun Ìmagbọn lálẹ́ ọjọ́ náà, bí ìbò tó ń bọ̀ ṣe jẹ́ ọ̀la fún wa. Ó lè ní àwọn tó dá wọn lójú pé àwọn á borí, ó lè ní àwọn tó ti ń di ẹrù. Tí a bá fi òpin ogun ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a ti gba ọ̀la lọ́wọ́ òkú, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa gbà á padà. Nítorí náà mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kọ lẹ́tà bí ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lálẹ́ ọjọ́ kejìdínlógún, tí kò mọ nǹkan kan. Èyí tó dáa jù tí mo tíì gbà, ọmọkùnrin kan ló kọ ọ́. Ìdajì lẹ́tà náà ló fi ń ṣàròyé nípa ẹni tó ra iyọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ láwìn, pé tí ogun bá dé, ta ló máa san án. Mo fún un ní 10 nínú 10. Ọmọ alárè gidi.

Kò sì sí ẹni tó lè sọ lálẹ́ yẹn pé lẹ́yìn ọdún 21 péré, ní 1913, Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School máa ṣí ilẹ̀kùn nínú ìlú kan náà.

Aristotle, onífilọ́sọ́fì Gíríìkì àtijọ́, ti da orí ara rẹ̀ rú lórí irú nǹkan báyìí. Ogun náà ni àpẹẹrẹ tiẹ̀, ogun ojú omi. Tó bá ti jẹ́ òótọ́ lónìí pé wọ́n máa jà lọ́la, kí la tún ń gbìmọ̀ fún? Tó bá sì ti jẹ́ irọ́ lónìí, kí la ń pọ́n idà sí? Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe lóye èsì rẹ̀ ni pé wọ́n á jà tàbí wọn ò ní í jà, ìyẹn dájú; àmọ́ èwo nínú méjèèjì, òótọ́ ibẹ̀ ò tíì wà nílẹ̀. Àwọn tiwa ti fi gbólóhùn kan sọ ọ́: bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún. Ẹ wo "ọrọọrún" yẹn dáadáa. Ká ní gbogbo ọ̀la ti wà nílẹ̀ bí ìwé tí wọ́n ti tẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni babaláwo ì bá dá a, kó ká ọ̀pẹ̀lẹ̀, kó lọ sùn. Màmá, ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku, ló máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó bá fẹ́ kó èsúsú ní oṣù Kìíní lọ́dọọdún.

Hegel, onífilọ́sọ́fì ọmọ Jámánì, ní tiẹ̀ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Berlin pé Áfíríkà kì í ṣe ara ìtàn ayé. Ó kú ní 1831, kò tẹ ilẹ̀ wa rí. Mo ti kó ọmọ kíláàsì mi wọ inú yàrà àtijọ́ Ẹrẹ́dò, èyí tí àwọn ará Òkè-Ẹ̀rí sọ pé obìnrin ọlọ́lá kan, Bílíkísù Ṣùǹgbọ́, ló ní kí wọ́n gbẹ́. Ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà, láwọn ibì kan ó jìn débi pé ohùn wa ń dá wa lóhùn. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ irú ìyẹn fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ sọ nípa Hegel.

Ní 13 oṣù Keje 2025 ni Awújalẹ̀ wa, Ọba Sikiru Kayode Adetona, wàjà, lẹ́ni ọdún 91. 2 oṣù Kẹrin 1960 ni wọ́n dé e ládé, kí a tó gba òmìnira. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 65 ní Ìjẹ̀bú, "Awújalẹ̀" kì í ṣe orúkọ oyè lẹ́nu ẹ̀, orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ JSS1 kan bi mí pé, "Mà, ṣé a tún máa ní Awújalẹ̀ míì?" Àwọn ọmọ yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Lójijì ni ohun tó ti dúró gbagidi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi tún di ohun tó ń bọ̀. Àwọn àgbà tó ń jókòó síwájú ilé wa ní Folágbadé kò sùn mọ́, ìdílé tó kàn, ìdílé tí kò kàn (mi ò ní dá sí i o). Ojúde Ọba ni mo rò nígbà náà: ní ọjọ́ kẹta Iléyá, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan á kọjá níwájú ọba, àwọn tí wọ́n jọ bí ní sáà kan, òmíràn á tẹ̀ lé e, àwọn àgbà àtàwọn tó kéré, kò sí ẹgbẹ́ tó lè lóun á dúró síbẹ̀ kó má kọjá. Ọ̀nà oko Bàbá mi náà ni. Wọ́n kàn wọ aṣọ òkè sí i ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí owó.

Ọkùnrin kan wà nínú àwọn méjìlá ti 2024. Mi ò ní sọ ohun tó ń tà. Ó ti kó tiẹ̀ ní oṣù Kẹta. Nígbà tí mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó fún mi ní àga, ó ra míńírà fún mi, ó ní, "Àǹtí, èmi àti Màmá la jọ ṣàdéhùn. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ ire." Ó ṣe àmín fún ara ẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún dé Kejìlá, oṣù mẹ́jọ, ₦160,000. Èmi àti àbúrò mi la dá a, kí owó ẹni tó bá kàn lè pé.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ò kúkú kéré. Ta ni èèyàn ń jẹ ní gbèsè tí ẹni tó ṣèlérí fún bá ti lọ? Hannah Arendt, obìnrin Júù tó sá kúrò ní Jámánì lọ sí Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1958 pé ìyọnu méjì ló wà nínú ohunkóhun tí èèyàn bá ṣe. Èyí tí a ti ṣe, a ò lè mú un kúrò. Èyí tó máa tìdí ẹ̀ jáde, a ò lè mọ̀ ọ́n. Ó ní ìdáríjì ni oògùn ti àkọ́kọ́, ìlérí ni oògùn ti èkejì. Ó fi ọ̀la wé òkun tí kò sí ohun tó dáni lójú nínú ẹ̀, ó ní ìlérí ló ń dá erékùṣù kéékèèké sínú ẹ̀ fún wa láti tẹsẹ̀ lé. Mo ti kà á rí, ó dùn létí lásán. Ìgbà tí mo rántí pé ní Yorùbá, ńṣe là ń "dá" ọjọ́, ni ara mi bù máṣọ. Bí a ṣe ń ní Ọlọ́run dá ayé. Ìparí oṣù Karùn-ún ò sí níbì kankan tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn méjìlá kan ló jókòó ní pálọ̀ wa, wọ́n dá a. Ìyá onígàrí wá torí pé bí òun ò bá wá, ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìyá aláṣọ ò ní sí. Ìyẹn ni mo rò pé Mbiti ò wò, àti olùkọ́ mi: wọ́n ń wá bí a ṣe ń rí ọ̀la, nígbà tó jẹ́ pé a kì í rí i rárá, a máa ń jẹ ẹ́ ní gbèsè ni.

N óò ṣe ẹ̀tọ́ fún Mbiti ṣá. Ó sọ ohun kan tí mi ò lè gbàgbé: pé ẹni tó kú kò tíì wọ Zamani tán níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lórúkọ bá ṣì wà láyé. Nínú ìwé Màmá, orúkọ wà ní 1991, 1992, tí mi ò mọ̀ rárá: "Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ kékeré", "Ọ̀gá Fúlọ́rọ̀". Màmá nìkan ló mọ̀ wọ́n. Ó ti kó wọn lọ.

Ní oṣù Kẹjọ 2024 ni mo ṣí ìwé náà dé ẹ̀yìn, mò ń wá ojúewé tó ṣófo, mo wá bá ti 2025. Màmá ti fa ìlà, ó ti kọ ọ́ tán kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn, torí àwọn tó ń san owó ilé-ìwé ọmọ máa ń tètè gba oṣù Kẹsàn-án. Ọkùnrin yẹn wà ní nọ́ńbà 3. Nọ́ńbà 12, Màmá kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Kì í kó gbẹ̀yìn. Ìwé ọgbọ̀n ọdún ni mo yẹ̀ wò, kò gba oṣù Kejìlá rí.

Ní oṣù Kìíní 2025, ọkùnrin náà wá sílé, ó mú ₦60,000 dání nínú ₦160,000, ó ní ọjà ò tà, ó sunkún. Màmá ló kọ orúkọ ẹ̀. Mi ò láyà tí mo fi máa pa á rẹ́. Mo dárí jì í bí Arendt ṣe wí. Mo sì gbé e kúrò ní 3, mo fi sí 11.

Oṣù Kẹjọ 2025 tún pé. Lóṣooṣù ni mò ń san ₦20,000 lórúkọ Màmá. Àbúrò mi ní tí owó náà bá jáde ní oṣù Kejìlá, ká fi ṣe ibojì ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ìyá onígàrí, ó ní rárá. Ó ní ká kọ Màmá sí nọ́ńbà 12 lọ́dún tó ń bọ̀ náà: ₦240,000 tó bá jáde ló máa san ₦20,000 fún oṣù méjìlá, tó bá di oṣù Kejìlá á tún jáde, á tún san ti ọdún kejì. Ó ní Màmá á máa wà níbẹ̀ lọ ni, kò ní ná wa ní kọ́bọ̀.

Mo ní, "Ìyá, ₦240,000 òní kọ́ ló máa jẹ́ lọ́dún mẹ́wàá o. Wọ́n á ti fi kún owó oṣù."

Ó ronú díẹ̀. "Ìyẹn náà lọ́rọ̀."

Mo ti fa ìlà ti 2026. Mo ti kọ 1 dé 11.